Odò Tí Kò Lórúkọ Lẹ́bàá Ìsarà

Ohun àkọ́kọ́ tí kò tọ́ ni pé omi náà mọ́ jù. Gbogbo odò tí èmi àti Níyì ti fi sórí máàpù fún iṣẹ́ àyẹ̀wò omi wa, láti Ògèrè títí dé Ìsarà, ló ní ìdọ̀tí tirẹ̀: epo mọ́tò, ọṣẹ, ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀. Èyí kò ní nǹkan kan. Kò sí ẹja, kò sí ọ̀pọ̀lọ́. Igi ló yí i ká, síbẹ̀ ewé kan kò já sínú rẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́; ó tutù dé eegun.

"Kíkí, ẹ̀rọ àyẹ̀wò omi yìí ti bàjẹ́," Níyì wí. "Ó ní omi yìí mọ́ ju pọ́ọ̀ wọ́tà lọ. Ká kúkú máa rọ ọ́ sí ọ̀rá, ká máa tà á."

Ìyá Àlíyù, àgbàlagbà tí oko kòkó wọn wà létí odò náà, tí wọ́n sì mú wa débẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Mo bi wọ́n pé kí lorúkọ odò yìí.

"Kò lórúkọ."

"Ìyá, kò sódò tí kò lórúkọ."

"Èyí kò ní. Àwọn tó dáko síbí ṣáájú wa ò sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ tí ẹ bá fún un, yóò gbà á, kò sì ní dá a padà." Wọ́n rọra ń sọ ọ́, bíi pé ẹnì kan ń sùn nítòsí. "Ẹ bu omi yín, kí ẹ máa lọ."

Wọ́n bọ́ sínú oko. Bí mo ṣe ń ṣan ike tí a máa fi gbé omi lọ fún àyẹ̀wò, fóònù mi dún. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà wà lọ́wọ́ mi, ni Níyì bá bá mi gbé e, ó sì tẹ̀ ẹ́ kí ohùn ẹni tó pè máa jáde síta. Ẹ̀gbọ́n mi Modúpẹ́ ni, láti Ìpẹ̀rú. Oyún rẹ̀ ti tó bí. Méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ ṣáájú èyí, nítorí náà jẹ́jẹ́ ni gbogbo ilé ń rìn lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Wọ́n ní obìnrin ni," ó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Adétóun ni màá sọ ọ́. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o, Màmá pàápàá. A kì í pe orúkọ ọmọ kí ọjọ́ ìkómọ tó pé."

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Omi náà mì. Kò sí afẹ́fẹ́.

Nígbà tí mo máa gbójú sókè, Níyì ti ń tẹ fóònù iṣẹ́ wa. Máàpù náà kì í gba ibi tí kò bá lórúkọ. "Mo ti bá wọn sọ odò wọn lórúkọ," ó ní. "Adétóun. Ó dùn lẹ́nu."

Mo ní kó pa á rẹ́. Ó pa á rẹ́, ó fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀. Kí a tó dé ìdí ọ̀kadà wa, Adétóun ti padà sójú máàpù.

Modúpẹ́ bí wẹ́rẹ́. Ọmọ náà ké, ó mu ọmú, ara rẹ̀ móoru. Lọ́jọ́ ìkómọ, àlùfáà ti ìka bọ omi, wọ́n fi kàn án létè, wọ́n pe orúkọ náà. Ọmọ dákẹ́. Kò sùn, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo àjà. Mo gbé e. Òtútù tí mo ti mọ̀ rí wọ ọwọ́ mi dé eegun.

Màmá ní ó ti yó ni, wọ́n tún pè é. Bí wọ́n ṣe ń pè é ni ara rẹ̀ ń tutù sí i.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Níyì sáré padà sọ́dọ̀ Ìyá Àlíyù. Wọn kò bi wá ní nǹkan kan.

"Ẹ fún ọmọ yẹn lórúkọ mìíràn," wọ́n ní. "Kí ẹnikẹ́ni má fi ti àkọ́kọ́ pè é mọ́. Orúkọ yẹn ti ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ."

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún Màmá. Wọ́n sọ fún Modúpẹ́ pé ojú àlá ni wọ́n ti fi orúkọ mìíràn hàn àwọn: Fikáyọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ ké. Mo rò pé ó ti parí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa béèrè pé ká tún bu omi gbogbo odò náà bí ìgbà òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, Ìyá Àlíyù ti kó kúrò lóko. Mo ti ìka bọ odò náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ara èèyàn. Mo bu omi náà sí ike, mo gbé e sí imú, mo nà án sí Níyì. Kò ṣàwàdà. Ẹnu ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọmú tán ló máa ń rùn bẹ́ẹ̀.

Fikáyọ̀ ti ń sanra báyìí, àmọ́ mílíìkì inú agolo ló ń mu. Ọmú ìyá rẹ̀ kì í sun fún un. Bí òjò bá ti ń ṣú láti apá Ìsarà, Modúpẹ́ á gbé e lé mi lọ́wọ́, á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Omi ọmú á ti mú kí àyà búláòsì rẹ̀ rin gbindin.

"Kíkí, ọmọ ta ló ń sunkún lọ́hùn-ún?"

"Òjò ni, ẹ̀gbọ́n mi," ni mo máa ń sọ. Ẹ̀kán kan kò sì tíì kan páànù.