Àwo Wólímọ̀ Kaothar

Ìborùn aláwọ̀ ewé ló fi wé láptọ́ọ̀pù náà. Ó gbá a mọ́ àyà bí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, ó ń fi èjìká la èrò ọjà kọ̀ǹpútà Òpópó Ọ̀tigbà kọjá, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn nínú àwọn tó ń bi í pé, “Àǹtí, ẹ fẹ́ rà ni àbí ẹ fẹ́ tà?” Mukhtar tó ń tún ẹ̀rọ ṣe rí i látòkèèrè. Síkúrù kékeré kan wà láàárín ètè rẹ̀ nígbà náà, díẹ̀ ló kù kó gbé e mì.

Iwájú tábìlì rẹ̀ gan-an ni ọmọbìnrin náà wá dúró sí. Káàdì ibi iṣẹ́ ń fì lọ́rùn rẹ̀, wọ́n kọ Kaothar sí i. Òórùn bisikíìtì gbígbóná wà lára aṣọ rẹ̀, irú èyí tí afẹ́fẹ́ máa ń gbé wá láti àwọn ilé iṣẹ́ Àgídìngbì tí òòrùn bá ti rọlẹ̀.

“Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní sùúrù jù ní ìlà yìí,” ni ó wí.

Mukhtar tu síkúrù náà sọ́wọ́. “Ta ló purọ́ mọ́ mi?”

Ẹ̀rín díẹ̀ kọjá lójú Kaothar. “Kò gba sídíì. Gbogbo nǹkan yòókù ló ń ṣe. Tí mo bá ki sídíì bọ̀ ọ́, á kùn, á kùn, á wá dákẹ́.”

“Bí àgbàlagbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó wá gbàgbé.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n ra tuntun. Ohun tí gbogbo wọn ń sọ nìyẹn.”

“Tuntun kò tilẹ̀ ní ibi tí wọ́n ń ki sídíì sí mọ́,” Mukhtar wí. “Ògbólógbòó yìí gan-an la nílò.”

Kaothar yọ àwo kan láti inú ọ̀rá. Bírò ni wọ́n fi kọ “Wólímọ̀” sí i lára, ìkọ̀wé náà sì ti ń parẹ́. Ó dì í mú díẹ̀ kí ó tó fi sílẹ̀. “Ẹ má wò ó o. Tó bá ti ń ṣe, ẹ dá a dúró títí n ó fi dé. Mo fẹ́ lọ kírun àìlà.”

“N kò ní wò ó,” ni Mukhtar dáhùn. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti sọ ọ́.

Ó jókòó ti iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ; títú àwọn òkú ẹ̀rọ wò, tó sì ń tò wọ́n padà, ló sọ ọ́ dọ̀gá. Ó fi òwú àti sípírítì nu ojú kékeré tó ń ka àwo. Ó nu àwo náà fúnra rẹ̀ láti àárín bọ̀ síta, nítorí ẹni tó bá ń nù ún yípo ń ha á lára ni. Ó ki àwo náà bọ inú ẹ̀rọ, ó ń yí, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù ní òun kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mukhtar rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mọ̀ pé inú àpò kan ni àwọn àwo fídíò àtijọ́ máa ń tọ́jú àwòrán wọn sí, lábẹ́ orúkọ tí ẹ̀rọ kì í dá mọ̀. Ó ṣí àpò náà, ó wọ́ fídíò inú rẹ̀ sínú pleyà mìíràn, irú èyí tí kì í yan oúnjẹ jẹ. Àwòrán jáde.

Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti tàn án. Àṣà ọjà ni pé bí iṣẹ́ bá ti jẹ́, kí oníṣẹ́ so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá tó kọjú sí títì, kí ó gbé ohùn sókè, kí àwọn tó ń kọjá lè rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dáńtọ́. Ojoojúmọ́ ni Mukhtar ń ṣe é. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ náà débi pé ó ti so wáyà tán kó tó rántí pé òun ṣe ìlérí, nígbà tó sì rántí, ojú rẹ̀ ti wà lára àwòrán.

Ọmọbìnrin kékeré kan tó wọ aṣọ funfun jókòó lórí ẹní, wàláà lórí itan rẹ̀, máìkì lẹ́nu rẹ̀. Ó ń ka kéwú, ohùn rẹ̀ já gaara. Lójijì, ó dúró. Ó tún un mú láti ìbẹ̀rẹ̀, ó tún dúró síbi kan náà. Orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó ń wo ilẹ̀.

“Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ o,” ni Fọlábí tó ń ta ṣájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wí.

Àwọn tó dúró ní títì bú sẹ́rìn-ín. Mukhtar náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tó fi gbóòórùn bisikíìtì lẹ́yìn rẹ̀. Kaothar dúró, omi àlùwàlá ṣì wà ní iwájú orí rẹ̀.

“Ẹ ní ẹ ò ní wò ó.”

Mukhtar sáré nawọ́ sí wáyà tẹlifíṣọ̀n. Kaothar fa wáyà yọ, ó fi ìborùn wé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ pẹ̀lú àwo nínú rẹ̀.

“Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n—”

“Ẹ jẹ́ kí n lọ.”

Nọ́ńbà fóònù Kaothar wà lára bébà tí Mukhtar ti lẹ̀ mọ́ tábìlì. Ó pè é, kò gbé e. Ó kọ̀wé ránṣẹ́ sí i: “Mo rẹ́rìn-ín. N kò ní sọ pé n kò rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí.” Kò sí èsì. Ìtìjú náà wá di nǹkan tó ń bá a wọkọ̀ lọ sílé ní Agége, tó ń bá a jẹun, tó tún ń jí ṣáájú rẹ̀. Ó yí tẹlifíṣọ̀n ńlá náà kọjú sí ògiri.

“Ṣé ògiri ló máa gbé iṣẹ́ wá fún ẹ?” Fọlábí bi í.

“Bí ògiri bá gbé e wá, kò ní rẹ́rìn-ín ẹnikẹ́ni.”

Fọlábí wo ojú rẹ̀, ó padà sídìí ṣájà rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Kaothar padà wá. Ìborùn kan náà, ojú líle. “N kò wá bá yín ṣeré. Ó tún ti dákẹ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ó ní kí n sọ ọ́ nù.”

“Ojú tó ń ka àwo náà ló ti gbó. Ǹ bá ti sọ fún yín lọ́jọ́ náà, ká ní mo hùwà ọmọlúàbí.”

Síkúrù kan ṣoṣo ló di ibi ìki-sídíì náà mú. Mukhtar tú u, ó fà á yọ, ó sì ti èyí tó bọ́ lára òkú láptọ́ọ̀pù kan wọlé dípò rẹ̀. Ó bá a mu rẹ́gí. Àwo ń yí. Ó yí láptọ́ọ̀pù náà sọ́dọ̀ Kaothar, ó fún un ní íápíìsì, lẹ́yìn náà ó yí àga tirẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i, ó ń wo ibi tí ọ̀dà ti bó lára ògiri.

Ó pẹ́. Ọjà ń pariwo, jẹnẹrétọ̀ ń kùn. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tí Kaothar mí kanlẹ̀.

“Báwo ni wọ́n ṣe ń dá a padà sẹ́yìn?”

“Ẹ tẹ ọfà tó kọjú sósì.” Kò yíjú.

Ó gbọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ tó tún un tẹ̀.

“Ẹ wá wò ó.”

“Ẹ ní kí n má wò ó.”

“Èmi náà ni mo ní kí ẹ wá.”

Ìka rẹ̀ wà ní igun àwòrán náà, níbi tí ọkùnrin kan tó wọ agbádá funfun jókòó sí lábẹ́ kánópì. “Bàbá mi nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi ní kéwú. Ẹ wo ẹnu rẹ̀.”

Mukhtar dín ìrìn àwòrán náà kù. Ó rí jákujàku bí aṣọ tí èkúté jẹ, ṣùgbọ́n ètè ọkùnrin náà ń mì. Ó ń ka ibi tí ọmọ gbàgbé. Ó dìde, ó sún síwájú. Bàbá kan fà á láṣọ pé kó jókòó. Ó dúró, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo èrò, ó wá yípadà, ó gba ẹ̀yìn kánópì jáde.

“Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo rí lọ́jọ́ náà,” ni Kaothar wí. “Mo ní mo ti dójú tì í. Orí mi wà nílẹ̀ nígbà tó ń kà á fún mi. Láti ìgbà náà, n kò ka kéwú létí rẹ̀ mọ́, òun náà kò sì ní kí n kà. Tí ọkùnrin kan bá ti dárúkọ yìgì fún mi, mo ti sá, nítorí wólímọ̀, níbi tí ìyàwó ti ń ka kéwú, ló ń ṣáájú rẹ̀. Mo ní kí n wo ìtìjú yìí lẹ́ẹ̀kan, kí n mọ bó ṣe tóbi tó.”

Mukhtar dá àwòrán náà dúró. Ó yọ àwo náà, ó nù ún láti àárín bọ̀ síta, ó dá a padà sínú ọ̀rá rẹ̀. “Ẹ dárí jì mí,” ni ó wí.

“Mo ń gbìyànjú ẹ̀. Ẹ máa ní sùúrù, ṣebí wọ́n ní ẹ ní i.”

Báyìí ni ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Mukhtar a máa dúró dè é lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ rẹ̀, wọn a jọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé Kaothar ní Ìfàkọ̀. Kaothar sọ ọ́ ní Nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

“Fọlábí ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi.”

“Ìwọ lo rẹ́rìn-ín ẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi, mú àpò mi dání.”

Mukhtar a sì mú àpò náà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibi tí ó yẹ kó dé, Mukhtar lọ tọrọ Kaothar lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Bàbá náà, Suara oníwẹ́dà tó ń jó irin pọ̀, jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n nítorí iná iṣẹ́. Mukhtar dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ìwọ lo rẹ́rìn-ín ọmọ mi lọ́jà?”

Kaothar ti sọ fún un. Mukhtar kò sẹ́ ẹ. “Èmi ni, sà.”

Bàbá náà fi í sílẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀ títí iyanrìn fi wọ̀ ọ́ níwájú orí.

“Kaothar fi àwo yẹn hàn mí,” ni ó wí nígbẹ̀yìn. “Ọmọ tí o kò mọ̀ rí ni ìwọ rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí mo bí ni èmi sá fún, mo fi í sílẹ̀ nídìí máìkì. Nínú àwa méjèèjì, ta ló yẹ kó dọ̀bálẹ̀? Dìde.”

Mukhtar dìde, ṣùgbọ́n kò lè gbójú sókè.

“Kò sí yìgì láìsí wólímọ̀. Kaothar fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ kà á. Bó bá tún dúró síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín.”

“Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, Bàbá,” Kaothar wí láti ẹnu ọ̀nà. “Ẹ̀yin ni kí ẹ má jáde.”

Suara fi ọwọ́ nu ojú tí iná wẹ́dà ti mú pọ́n. “N kò ní jáde.”

Lọ́jọ́ wólímọ̀ àti yìgì náà, ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn ní Ìfàkọ̀, àwọn ọkùnrin jókòó síwájú, àwọn obìnrin sẹ́yìn. Kaothar ti kìlọ̀ fún Mukhtar: “Má wò mí. Tí mo bá rí ojú ẹ, n ó gbàgbé gbogbo rẹ̀.”

Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó já gaara, ó ti dàgbà ju ti inú àwo lọ. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó wá dúró.

Ibi kan náà ni. Fọlábí fẹ́ yíjú, Mukhtar di orúnkún rẹ̀ mú. Òun fúnra rẹ̀ ń wo ògiri. Ìtìjú ọjọ́ ọjà yẹn padà bá a bí ẹni pé àná ni, ṣùgbọ́n kò mira.

Nígbà náà ni ohùn Suara dún láti ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin, ohùn tó ti há, ó ka ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré tí Kaothar gbàgbé. Ohùn Kaothar bá a níbẹ̀, ó gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó sì gbé e lọ títí dé òpin.

Wọ́n so yìgì. Nígbà tí èrò fọ́n, tí àwọn méjèèjì ráyè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mọ́ṣáláṣí, Kaothar fa etí aṣọ rẹ̀.

“O ò bojú wẹ̀yìn.”

“O ní kí n má wò ẹ́.”

“Èmi ni mò ń wò ẹ́. Nígbà tí ibi yẹn dá mi dúró, mo gbórí sókè. Mo rí bàbá mi, mo sì rí ẹ̀yìn ẹ.” Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀yìn náà jẹ́jẹ́. “Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yìn tí mo rí kò lọ síbì kankan.”