Ábúráhámù Rí Ọ̀kánkán, Kò Rí Ẹ̀gbẹ́

Ní Ugbonla, bí awakọ̀ ojú omi bá ti ń dàgbà, ìbéèrè kan ni wọ́n fi ń dán ojú rẹ̀ wò: kí ló rí lọ́ọ̀ọ́kán? Bó bá ti dárúkọ ọkọ̀ tó wà lókèèrè lójú òkun, ó yege nìyẹn. Ábúráhámù tó ń wa ọkọ̀ èrò kì í kùnà, ó sì máa ń fi yangàn.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn dókítà tó ń ṣèwádìí àìsàn iṣan ojú dé, tí wọ́n ní kí gbogbo ọmọ tí ìyá rẹ̀, tó ti fọ́jú, bí wá ṣàyẹ̀wò, nítorí àìsàn náà máa ń rìn nínú ìdílé, ẹ̀rín ló fi wọ́n rín. Ó ní ogbó ló fọ́ ìyá òun lójú. Agídí ọkùnrin yìí a máa bíni nínú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kó èrò bọ̀ láti Abereke, Dùnníolúwa ọmọ rẹ̀ wà níwájú ọkọ̀.

"Bàbá, apá òsì!"

Ábúráhámù tẹjú mọ́ iwájú, kò rí nǹkan kan. Kó tó yíjú, ọkọ̀ kékeré tí obìnrin kan ń fi àjẹ̀ wà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ abẹ́ tiwọn. Ó ya ẹ̀rọ sọ́tùn-ún, ọkọ̀ fì, omi ya wọlé. Orí ló kó wọn yọ.

"Ó pẹ́ tó ti ń bọ̀, bàbá," ni Dùnníolúwa wí. "Gbogbo wa la rí i."

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Dókítà Bùsọ́lá, ọ̀kan lára àwọn dókítà ọjọ́sí. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, dókítà ní gilakómà ni, àìsàn iṣan ojú tí wọ́n ń ṣèwádìí rẹ̀ náà. Kì í sábà dunni, ó kàn ń pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ díẹ̀díẹ̀, ìríran ẹ̀gbẹ́ ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ mú lọ.

"Èyí tó ti lọ ńkọ́?"

"Kò ní padà, bàbá. Bí ẹ bá ń kán oògùn lójú lójoojúmọ́, a lè dáàbò bo èyí tó kù. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ èrò mọ́."

Ó dùn ún wọra. Ó dìde, ó fa Dùnníolúwa sórí àga tó fi sílẹ̀.

"Ọmọ ọmọ ìyá mi nìyí. Ẹ bá mi yẹ tirẹ̀ náà wò."

Ẹ̀yin ará etí òkun, ẹ má fi ọ̀kánkán nìkan dán ojú wò mọ́. Bí gilakómà bá wà nínú ìdílé yín, tàbí ẹ ti lé lógójì ọdún, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò nílé ìwòsàn. Ẹ má sì dá oògùn dúró nítorí pé ojú ò dùn yín. Ìríran tí gilakómà bá gbà, kì í dá a padà.