Fọ́tò Tí A Yà Nílé Ọ̀kà

Ẹ má tíì pè mí ní òpùrọ́. Pius tó ń ya fọ́tò ṣì wà ní Ọ̀wọ̀, Àsàmáù sì wà níbí ní Ìkàrẹ́. Bí mo bá fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un, kí wọ́n já irọ́ mi.

Badmus lorúkọ mi, aṣọ ni mò ń tà. Èmi àti Raliat ìyàwó mi la kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí ẹ̀yìn ìlú Ọ̀kà. Páànù ni mo fi bò ó, nígbà tó jẹ́ pé koríko ló wà lórí ilé gbogbo ará àdúgbò. Ọdún tí ogun àwọn òyìnbó parí ni àìsàn ikọ́ kan jà. Raliat dùbúlẹ̀. Ìyá mi ní kí n gbé ọmọ sá wá sí Ìkàrẹ́, kó má baà ràn án. Ọmọ oṣù mẹ́jọ, kò ju kó rákòrò lọ. Mo gbé e. Mo gbé omi àti ẹ̀kọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀, mo ní mò ń bọ̀. Nígbà tí n ó fi padà lọ́jọ́ kẹrin, àwọn aládùúgbò ti sin ín sẹ́yìnkùlé. Mo ti ilẹ̀kùn, mo padà sí Ìkàrẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀ mọ́.

Ohun tó wá ń pa mí lẹ́kún ni pé ojú Raliat ń sá kúrò lọ́kàn mi. Ọdún mẹ́rin péré! Mo rántí ohùn rẹ̀. Mo rántí bó ṣe ń rìn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n rántí ojú náà, òfìfo ni. Tàwàkálítù ọmọ wa sì ti ń bi mí bí ìyá òun ṣe rí. Kí ni kí n sọ fún ọmọ?

Mo bá ránṣẹ́ sí Pius. Nígbà náà, bí ẹnì kan bá kú láìya fọ́tò, ẹni tó jọ ọ́ jù nínú ẹbí á wọ aṣọ rẹ̀, á jókòó dípò rẹ̀. Àsàmáù àbúrò Raliat jọ ọ́ bí ìbejì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè wò ó lójú láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú. Bó bá ń kí mi, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Mo ti pinnu pé inú fọ́tò ni n ó ti wo ojú náà, ní yàrá mi, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní í rí omijé àgbàlagbà. Àáfà wa ní àwòrán yíyà kò dáa. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ọ̀sán gangan ni èmi àti Pius àti Àsàmáù dé Ọ̀kà. Àsàmáù ló gbé ìdì aṣọ Raliat, ìró ẹtù aláró kan. Koríko ti bo ẹnu ọ̀nà. Mo ṣí ilẹ̀kùn, kò dún. Inú ilé dákẹ́. Kì í ṣe ìdákẹ́ ilé tí kò séèyàn o. Ìdákẹ́ ilé tí wọ́n ti gbúròó àlejò ni. Lókè, àwo omi tí mo gbé sílẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Omi wà nínú rẹ̀. Mo gbójú kúrò.

Pius gbé kámẹ́rà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ kalẹ̀ síwájú àga Raliat. Gíláàsì tí àwòrán ń mọ́ sí ku ẹyọ kan. Ìyókù ti fọ́ lọ́nà Ọ̀bà.

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Kó má mira. Ohun tó bá mira, kò ní í mọ́."

Mo ké sí Àsàmáù nísàlẹ̀ pé kó wọ aṣọ, kó gòkè. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìró ẹtù wọlé, ó jókòó sórí àga. Mo rí ẹsẹ̀, mo rí etí aṣọ. Ojú mi kò kọjá ibẹ̀. Òórùn àdín gba yàrá.

"Àdín ẹ̀gbọ́n rẹ lo tún lọ fi para," mo ní.

Ó na ẹsẹ̀ síwájú.

"Jókòó dáadáa. Raliat kì í na ẹsẹ̀ báyẹn."

Ó fà á sẹ́yìn.

"Bàbá Tàwà." Ohùn náà kéré bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ṣé ó ti ń rìn?"

"Ta ni?"

"Ọmọ."

Inú bí mi. "Ìbéèrè radaràda wo nìyẹn? Ta ló wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí, ṣebí ìwọ ni? Panu mọ́, jẹ́ kí Pius ṣiṣẹ́."

Ó panu mọ́. Háà, ẹnu mi yìí!

Pius ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú, ó ṣí ojú kámẹ́rà, ó ń ka oókan, eéjì wúyẹ́wúyẹ́. Ó pa á dé.

"Ó mira níparí," ó ní.

Mo pòṣé, mo sọ̀kalẹ̀ lọ gba afẹ́fẹ́ lẹ́yìnkùlé.

Àsàmáù wà níbẹ̀. Ó jókòó ti sàréè, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Ìdì aṣọ wà lórí itan rẹ̀, bí a ṣe dì í láti Ìkàrẹ́.

"Ẹ má bínú, Bàbá Tàwà. Mi ò lè wọlé. Àtìgbà tí a ti dé ni mo ti wà níbí."

Mo tú ìdì náà. Ìró ẹtù wà nínú rẹ̀. Mo sáré gòkè, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Pius ń kó ẹrù rẹ̀. Àga ti ṣófo. Ó ní òun rò pé obìnrin náà tẹ̀ lé mi jáde ni.

Mo ké pe Raliat títí ohùn mi fi há. Mo ní ọmọ ti ń rìn. Mo ní ó ti ń sáré, ó ti ń bá mi gbé ìkòkò, ó lẹ́nu bíi tìrẹ. Ògiri ni mò ń sọ fún. Pius rò pé orí mi ti dàrú.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án ló gbé fọ́tò wá. Àga mọ́. Ìró ẹtù mọ́ débi pé èèyàn lè ka ìlà ara rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì mọ́ lórí itan. Ojú nìkan ni kò mọ́. Ó yí sí ibi tí mo dúró sí, ó sì ṣú bí èéfín.

"Ẹ̀yin ló yíjú wò," Pius sọ. "Ẹ̀yin sì ń wo ilẹ̀. Mo rò pé ìjà wà láàárín yín ni."

Tàwàkálítù gba fọ́tò náà lọ́wọ́ mi. Ó rò pé ìdọ̀tí ló wà níbi tó ṣú. Ó fi ìka nù ún. Ó tún nù ún.

"Bàbá, ojú ìyá mi dà?"

Mo sọ òótọ́ fún un. Mo ní ó jókòó síwájú mi, mi ò wò ó.