Okùn Òjé Tí Kò Já

Òótọ́ ni ohun tí mo ń kọ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí i, torí mo ti purọ́ rí, irọ́ ọ̀hún ló sì gbé mi dé ibi tí mo wà báyìí. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe irọ́. Ẹ foríjì mí fún ìkọ̀wé tó wọ́ bí ejò. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ ọ́. Ọwọ́ ọ̀tún mi kò ráyè.

Iṣẹ́ fèrèsé aláràbarà ni iṣẹ́ ilé wa. A ó gé gíláàsì pupa, búlúù àti aláwọ̀ ewé wẹ́wẹ́, a ó sì fi okùn òjé dè wọ́n pọ̀ títí wọn yóò fi di àwòrán. Okùn òjé yìí gùn ju ènìyàn lọ díẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka, ó sì ní kòtò tóóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì tí etí gíláàsì ń wọ̀. Àbúrò bàbá mi ló ń yọ́ òjé, tó ń rọ ọ́ fún wa. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ayọ́jé.

Bí òjé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, rírọ̀ ló máa ń rọ̀, á sì wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. A gbọ́dọ̀ nà án kó tó ṣeé lò. Ẹnì kan á fi píláyà di orí kan mú, ẹnì kejì á fi píláyà tirẹ̀ fa orí kejì. Òjé á gùn sí i díẹ̀, á le, á sì gún régé. Àwọn mìíràn ń fi fáìsì, irin adìǹkanmú tó wà lára tábìlì, dì í. Bàbá mi kò fẹ́ fáìsì. "Fáìsì kò létí," ni wọ́n máa ń wí. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: ẹni tó dì í mú kò gbọdọ̀ là á sílẹ̀ títí ẹni tó ń fà á yóò fi sọ pé, "Ó tó."

Èmi ni mo máa ń dì í mú. Bàbá mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọlọ́wọ́ búrẹ́dì, dì í mú dáadáa o." Ìfà tiwọn yàtọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fa kékeré lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n á tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, bàtà wọn á dún ṣàà lórí sìmẹ́ǹtì. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó wá fà á gan-an.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, a jà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n ní mo ti ba òjé mẹ́ta jẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ lójú oníbàárà. Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Nígbà tí wọ́n tẹ gìgísẹ̀, tí wọ́n ń fà á gan-an, mo la píláyà. Kí wọ́n ṣáà fẹsẹ̀ kọ lásán ni mo fẹ́, kójú lè tì wọ́n díẹ̀. Wọ́n fẹ̀yìn lọ, ìpàkọ́ wọn sì bá igun tábìlì onírin. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti kú.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni Màámi bi mí.

"Òjé ló já."

Ẹyin lohùn, mo sì ti jẹ́ kó bọ́. Bí òjé bá já, a jẹ́ pé ẹni tó rọ ọ́ ló da ìdọ̀tí mọ́ ọn. Bí ẹ̀bi ṣe bọ́ sórí Bọ̀ọ̀dá Ayọ́jé nìyẹn. Màámi ní àwọn kò fẹ́ fojú kàn án mọ́ láyé. Àwọn oníbàárà sá. Iná ààrò rẹ̀ kú. Mo ń wò ó, n kò sì lanu. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Òjé ọjọ́ náà, mo gbé e pa mọ́ sẹ́yìn pákó gíláàsì, lórí ìṣó méjì. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì parí sí férémù fèrèsé.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo rí i pé ó ti kọjá férémù náà. Mo rò pé ó yọ̀ ni. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí orí méjèèjì. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, orí tó wà lọ́dọ̀ ilẹ̀kùn kò kúrò níbi àmì rẹ̀. Orí kejì ti fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kọjá tirẹ̀. Òjé tó bá ń gùn a máa tín-ín-rín, kò sí oníṣẹ́ wa tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n. Èyí kò tín-ín-rín rárá.

Nígbà mìíràn, lọ́sàn-án gangan, tí òpópónà bá dákẹ́, mo máa ń gbọ́ ṣàà kan lórí sìmẹ́ǹtì. Màá gbójú sókè. Kò ní sí ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ òní, Bọ̀ọ̀dá Ayọ́jé ránṣẹ́ sí Màámi. Ó ti ta àwọn irinṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ aago mẹ́rin ló máa wọ̀, kò sì ní padà wá. Ó ní òun fẹ́ kí wọn pé ó dàbọ̀.

"Kó máa lọ," ni Màámi wí.

Ọ̀rọ̀ náà gún mi láyà. Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ lójú ẹsẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo ní kí n lọ gé òjé náà wẹ́wẹ́, kí ẹ̀rí má baà kù. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé òjé sílẹ̀. Mo mú ọ̀bẹ, mo sì fi píláyà mú orí kan.

Orí kejì gbéra nílẹ̀.

Ó rọra ń dìde títí ó fi dé ibi tí ìbàdí ọkùnrin máa ń wà. Ó gún régé. Kò mì.

Ìfà kékeré kan. Òmíràn. Òmíràn. Bàtà dún ṣàà. Ìfà gan-an wá dé.

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di píláyà mú. Ó ku díẹ̀ kí n là á, kí n sì sá jáde, ni mo bá rántí: bí mo bá là á, wọ́n á tún ṣubú. Tábìlì onírin yẹn ṣì wà lẹ́yìn wọn.

"Bàbá mi," mo ní, "ṣé ó tó?"

Kò sóhùn.

Fáìsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ki orí òjé bọ̀ ọ́, mo sì dè é pinpin. Òjé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo yára fi píláyà mú un padà. Ó dúró. Fáìsì kò létí lóòótọ́.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Màámi fi wọlé. Wọn kò pariwo. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi bá bàbá mi nu òjé, kò sí ohun tí wọn kò mọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo orí tó wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n rìn lọ wo orí kejì. Eyín píláyà hàn lára méjèèjì. Òjé tó bá já, ẹnu rẹ̀ a máa rí jákujàku.

"Ṣé òjé ọjọ́ yẹn nìyí?"

"Òun ni, mà."

"O ní ó já."

N kò lè wojú wọn. "Kò já, Màámi."

"Ó bọ́ lọ́wọ́ ẹ ni?"

"Rárá, mà. Mo là á ni."

Màámi yípadà sí orí kejì. Wọ́n na ọwọ́ sókè síbi tí kò sí nǹkan kan, wọ́n sì fi etí aṣọ wọn nu ibẹ̀, bí ẹni ń nu òógùn ojú ọkọ rẹ̀. Wọ́n wo aṣọ náà. Wọn kò sọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ fún mi.

"Olówó orí mi," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé ó tó."

Kò sí nǹkan kan.

"Aago mélòó ló lù?"

"Mẹ́ta ti kọjá, mà."

"Mò ń lọ mú Ayọ́jé wá. Bóyá bí àbúrò wọn bá gbọ́ òótọ́ lẹ́nu ẹ, wọ́n á ní ó tó. Tó o bá là á lẹ́ẹ̀kejì, má pè mí níyàá mọ́."

Wọn kò dúró wọ bàtà.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń kọ ọ́, lẹ́yìn bébà tí a fi ń ya àwòrán fèrèsé, kí orúkọ Bọ̀ọ̀dá Ayọ́jé lè mọ́, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀ sí mi. Bí ọwọ́ bá ń ro mí láyé àtijọ́, bàbá mi á ní, "A ti fi òjé bọ òòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ." A ó jọ rẹ́rìn-ín. Lónìí, kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Okùn náà ṣì ń gùn. Mo ti fẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn mi fi kan ògiri. Orí kejì ti ń sún mọ́ igun tábìlì onírin. Ó ku ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan.

Aago márùn-ún ti lù. Ẹsẹ̀ ń bọ̀ lójúde. Mo mọ ẹsẹ̀ Màámi. Mo ń tẹ́tí fún ẹsẹ̀ kejì.

Ilẹ̀kùn ṣí. Màámi nìkan ni.

"Ọkọ̀ ti gbé e lọ," ni wọ́n wí. Wọ́n wá dúró tì mí, wọ́n sì fi ọwọ́ wọn bo ọwọ́ mi lórí píláyà.

Ìfà kékeré kan. Òmíràn. Òmíràn.