Fèrè Alùpùpù Bùrọ̀dá

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mi ò lá a lálàá, n kì í sì í mutí. Ojú ọ̀sán gangan ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀, oòrùn ń ràn, àwọn èèyàn ń kọjá lọ sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń fi irú ọ̀rọ̀ báyìí rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀.

Rewáyà ni mí. Iná ọkọ̀ àti ti alùpùpù ni mò ń ṣe. Bùrọ̀dá mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, kì í sì í gbà kí n máa sọ "ẹ" sí òun. Bí ó bá so wáyà pọ̀, kì í fi téèpù dì í bíi tiwa. Òwú ló máa ń wé mọ́ ọn, á wé e títí á fi dán, bí ẹni tó ń dirun fún ọmọ. Mo máa ń sọ fún un pé kó kúkú lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ.

Ó ní alùpùpù àtijọ́ kan tó fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gùn ún jáde, ó ní òun ń bọ̀. A rí alùpùpù náà lórí afárá tó wà lẹ́yìn ìlú. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ̀, iná iwájú rẹ̀ ń tàn nínú oòrùn. A ò rí Bùrọ̀dá. A wá a títí, a ò rí aṣọ, a ò rí bàtà.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá lórí ìyẹn. Mo fi tapólì bo alùpùpù náà sínú ṣọ́ọ̀bù mi tó wà lára ilé wa. Ojú Màmá ń ṣú díẹ̀díẹ̀ títí wọn ò fi ríran mọ́ rárá. Etí ni wọ́n ń fi ṣe gbogbo nǹkan. Nígbà tí àìsàn tún wá dá wọn dúbúlẹ̀, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Kékeré," wọ́n ní, "bá mi tún alùpùpù ẹ̀gbọ́n ẹ ṣe."

Mo bi wọ́n pé ta ni yóò gùn ún.

"Mo fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀ kí n tó lọ. Ó lè jẹ́ pé òun náà á gbọ́ ọ níbi tó wà."

Àánú wọn ṣe mí. Wọn ò fẹ́ kú láì tíì fọwọ́ kan ọmọ wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì sí ohun mìíràn tí wọ́n tún ń fẹ́ láyé yìí. Mo gbà.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò burú. Wáyà ló bàjẹ́. Rọ́bà ara rẹ̀ ti gbó, eku ti jẹ ẹ́ níbòmíràn. Kò sí ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ dá sí i ju kí n tú gbogbo rẹ̀, kí n fa tuntun. Mo kọ́kọ́ tú fèrè sílẹ̀, mo gbé e sórí tábìlì. Mo wá mú ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì, mo fi kan ara wọn lásán, bí ọwọ́ rewáyà ṣe máa ń ṣe. Kò sí bátìrì níbẹ̀.

Fèrè kan dún ní kọ̀rọ̀ òpópónà wa. Kúkúrú méjì, gígùn kan. Bí Bùrọ̀dá ṣe máa ń fọn ún nìyẹn tó bá ń bọ̀ nílé.

Mo sáré jáde. Òpópónà dá. Obìnrin aránṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé òdìkejì wa tẹjú mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, kò gbórí sókè. Nígbà tí mo wọlé, Màmá tí kì í dá dìde mọ́ ti jókòó lórí ibùsùn.

"Ó ti dé kọ̀rọ̀," wọ́n ní.

Mo ní bóyá ẹlòmíràn ni. Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n kàn ní kí n yára parí iṣẹ́.

Mo tú wáyà iwájú lọ́jọ́ náà, mo fa tuntun. Àwa rewáyà kì í da wáyà àtijọ́ nù. Iná la máa ń sun ún sí kí rọ́bà lè jó kúrò, kó lè ku bàbà inú rẹ̀. Mo sun tiẹ̀ náà bí mo ṣe ń sun ti gbogbo èèyàn, tòun ti òwú tí Bùrọ̀dá wé mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì, fèrè tún dún lọ́sàn-án. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ó dà bíi pé ó ti kúrò ní kọ̀rọ̀, ó ti padà sí ojú títì.

Mo tú wáyà iná ẹ̀yìn, mo sun ún. Ohùn náà tún rẹlẹ̀ sí i. Mo tú ti bíréèkì, ó ku díẹ̀ kí n má gbọ́ ọ mọ́. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n ń bi mí pé kí ni àwọn ṣe fún ọmọ yìí tó fi dé kọ̀rọ̀ tó tún ń padà. Mo ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní tí ẹ́ńjìnnì bá ti dún, yóò gbọ́, yóò yíjú sílé.

Wáyà fèrè ni mo fi ṣe ìkẹyìn torí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Mo tú u, mo jù ú síná lẹ́yìnkùlé. Mo so fèrè mọ́ wáyà tuntun, mo gbé bátìrì sí i, mo fẹsẹ̀ ta á. Ẹ́ńjìnnì dún lẹ́ẹ̀kan náà. Iná tàn níwájú, ó tàn lẹ́yìn. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀. Mo pa á.

Kẹ́kẹ́ pa. Nínú ìdákẹ́ náà ni mo ti gbọ́ fèrè Bùrọ̀dá. Ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Màmá ti ń fọwọ́ tọ ògiri bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ó ń lọ," wọ́n ní. "Gbé mi tẹ̀lé e."

Mo gbé wọn sẹ́yìn mi lórí alùpùpù náà, mo fi aṣọ dè wọ́n mọ́ra bí ọmọ ọwọ́. Iná ò tíì kú lórí wáyà náà nígbà tá a jáde. Orí afárá ni mo gbà lọ, torí mi ò mọ ibòmíràn. Mo pa ẹ́ńjìnnì, a tẹ́tí sílẹ̀. Omi ń ṣàn nísàlẹ̀. Màmá ní kí n fọn fèrè. Mo fọn ún, kúkúrú méjì, gígùn kan. Ó dún ketekete, kò sì sẹ́ni tó dáhùn. A dúró títí oòrùn fi rọlẹ̀ díẹ̀, mo wá gbé wọn padà sílé.

Aránṣọ ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ó bá mi gbé Màmá sọ̀.

"Ẹ ní oníbàárà o," ó ní. "Bẹ́ ẹ ṣe jáde báyìí ló dé."

Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó ń ti alùpùpù bọ̀ láti kọ̀rọ̀, alùpùpù náà sì jọ tiwa bí ìbejì. Aṣọ rẹ̀ tutù dé ìbàdí. Òun kí i, kò dáhùn. Òun bi í pé ta ló ń wá, ó nawọ́ sí ilé wa.

"Ó ń tẹ fèrè ẹ̀ ṣáá, kò dún. Mo wá wò ó dáadáa. Ẹyọ wáyà kan ò sí lára alùpùpù yẹn."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo ní ẹ ti jáde. Mo ní kó padà wá."

Ó ní ọkùnrin náà dúró pẹ́ níwájú ilẹ̀kùn wa kó tó yí alùpùpù rẹ̀ padà, tó sì tì í lọ.

Ohun tí ẹni tó wọṣẹ́ lánàá mọ̀ ni mi ò rántí. Tí ohùn fèrè bá ń rẹlẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ó ń jìnnà. Ó lè jẹ́ pé iná ni ò dé ibẹ̀ dáadáa mọ́. Bùrọ̀dá ò padà sẹ́yìn rárá. Ó ń bọ̀ lójoojúmọ́, èmi ni mò ń sun wáyà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Dá wáyà ẹ̀ padà fún un," wọ́n ní.

"Mo ti sun wọ́n, Màmá."

Wọn ò bínú. Ká ní wọ́n bínú ni, ara ìbá tù mí.

Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà la máa ń jókòó sí lọ́sàn-án. Wọ́n á bi mí bóyá fèrè ti dún, màá ní rárá. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé Màmá ò ríran, Bùrọ̀dá ò sì ní ohùn mọ́. Bó bá tiẹ̀ dé, mi ò mọ ohun tí wọ́n á fi dá a mọ̀.

Lánàá, oòrùn mú gan-an. Màmá gbórí sókè.

"Kékeré, ta ló dúró síwájú mi? Ó ń dí mi lóòrùn."

Mo wò. Kò sí ẹnì kankan. Oòrùn ń ta mí lẹ́sẹ̀ níbi tí mo jókòó sí, ṣùgbọ́n òjìji bo Màmá láti orí dé itan, mi ò sì rí ohun tó ni òjìji náà. Màmá ṣì ń dúró de èsì mi nígbà tí oòrùn padà sójú wọn.