Apá Tí Ẹ̀fọn Kọ̀

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ṣojú mi. Iṣẹ́ mi ni láti máa béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ̀rọ̀, nítorí náà bí ẹ bá béèrè tèmi, n kò ní bínú. N kò ní ẹ̀rí kankan. Òní ni mo ń kọ ọ́, torí n kò fẹ́ kí ó di ọ̀la.

Ibà ni à ń wádìí ní yunifásítì wa: ẹni tó ń pa, oògùn tó ń kápá rẹ̀, àti èyí tí kò kápá rẹ̀ mọ́. Èèyàn kò lè wádìí ibà bíi tiwa kó má sin ẹ̀fọn. Nítorí náà à ń sin ẹ̀fọn bí ẹlòmíràn ṣe ń sin adìẹ. Yàrá kan wà lẹ́yìn ọ́fíìsì Ọ̀gá wa tí kò ní fèrèsé. Tanwíjí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú àwọn abọ́ funfun lápá kan, àwọn tó ti ní ìyẹ́ wà nínú àpótí onínẹ́ẹ̀tì lápá kejì. Ooru ibẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ni lára. Òru ni irú ẹ̀fọn tiwa máa ń jẹun, àwa náà sì fẹ́ lọ sùn nílé wa lóru, la bá yí iná yàrá náà padà. Bí ilẹ̀ bá mọ́ níta, a ó pa iná, ilẹ̀ á ṣú fún wọn. Bí a bá ń lọ sílé, a ó tan iná, ilẹ̀ á mọ́. Òru la sọ yàrá náà. Ẹ lè bi ẹnì kan níbi tó ti ń bọ̀ ní ọ̀sán gangan kó ní Òru lòun ti ń bọ̀.

Abo ẹ̀fọn gbọ́dọ̀ mu ẹ̀jẹ̀ kó tó lè yé ẹyin. Ẹ̀jẹ̀ tiwa ni wọ́n ń mu. Wọn kò ní àrùn kankan lára, inú àpótí ni wọ́n bí wọn sí. A ó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, a ó ti apá bọ inú àpótí, a ó máa sọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ ọmọ títí wọn yóò fi yó. Ó ń yúnni, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ wa lára. Àbúrò mi ọkùnrin, tí èmi fúnra mi mú wá síbi iṣẹ́ náà, ni wọ́n fẹ́ràn jù. Kí apá rẹ̀ tó dúró sójú kan, wọ́n á ti bò ó. Ẹlẹ́jẹ̀ Oyin la sọ ọ́, ó sì ń fi yangàn. Ó ní ìyàwó òun pàápàá kò fẹ́ràn òun tó bẹ́ẹ̀.

Awakọ̀ wa ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ wa wà ní ìsinmi lásìkò náà, apá kò tó, ó ní kí a jẹ́ kí òun náà ṣe oore. Ó ti apá bọ inú àpótí. Ẹyọ ẹ̀fọn kan kò bà lé e. A rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wa, a ní epo ọkọ̀ ló ti di ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó sùn sínú ọkọ̀ lábẹ́ igi níbi tó ti ń dúró de Ọ̀gá, kò sì jí mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ti Màmá Láàbù, obìnrin tó kọ́ gbogbo wa bí a ṣe ń sin ẹ̀fọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n kọ apá rẹ̀. Ó bínú. Ó fọ ọwọ́, ó tún ti apá bọ̀ ọ́, gbogbo wọn sá lọ sí igun àpótí. Inú Ọ̀gá dùn gan-an. Níbi tí àwa olùwádìí ti máa ń ṣìnà nìyí: ohun tó yẹ kó bà wá lẹ́rù, àwa ń wá ìwúlò rẹ̀. Ọ̀gá ní bí a bá lè mọ ohun tó wà lára Màmá tó ń lé ẹ̀fọn, a ó fi ṣe ìpara, iye ọmọ tí ibà ń pa á dín kù. A fi òwú nu apá Màmá, a kó òwú náà sínú fíríìjì. Kò pẹ́ tí Màmá fi ṣubú ní balùwẹ̀. Òwú náà ṣì wà nínú fíríìjì nígbà tí a lọ sin ín.

Kò sẹ́ni tó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, tàbí kí n ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́ síta. Àgbàlagbà ṣubú, ó kú. Níbi iṣẹ́ wa, èèyàn méjì kò tó ohun tí à ń pè ní ẹ̀rí.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí, èmi àti àbúrò mi wà ní Òru. Ìró ẹ̀fọn kún yàrá náà, ìró tín-ín-rín tó máa ń wọ etí bí abẹ́rẹ́. Ó ń sọ fún mi pé ọmọ òun ti ń yọ eyín. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù. Ó ti apá bọ inú àpótí.

Ìró náà dákẹ́.

Kì í ṣe inú àpótí yẹn nìkan. Gbogbo àpótí tó wà nínú yàrá náà ló dákẹ́. Mo gbọ́ omi tó ń kán sínú abọ́. Mo gbọ́ èémí àbúrò mi. Mo tan tọ́ọ̀ṣì oníná pupa tí a fi ń wò wọ́n. Wọ́n ti lẹ̀ mọ́ nẹ́ẹ̀tì lápá ọ̀hún, wọ́n rọ́ jọ síbẹ̀. Apá rẹ̀ nà gbalaja láàárín àpótí, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí.

"Ọṣẹ wo lo fi wẹ̀?" mo bi í.

"Èyí tí mo máa ń lò ni."

"O ò fi nǹkan para?"

"Rárá, Àǹtí mi."

Ó fa apá rẹ̀ yọ. Mo ti tèmi bọ̀ ọ́, wọ́n sì bò ó lójú ẹsẹ̀. Inú mi kò dùn bẹ́ẹ̀ rí pé nǹkan ń jẹ mí.

Mo sọ fún Ọ̀gá. Ó ní kí àbúrò mi fi omi lásán wẹ̀, kí ó wọ ẹ̀wù mi, kí ó jẹ ohun tí mo bá jẹ. A ṣe gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún kọ̀ ọ́. Mo fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà kan tí a jọ kàwé. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó gbọ́ ìlù ọkàn rẹ̀, ó ní kí n lọ fara balẹ̀, pé ara rẹ̀ le ju ti òun dókítà lọ. Nígbà tí a padà dé, Ọ̀gá ti mú òwú tuntun jáde. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kò sẹ́ni tí yóò nu apá àbúrò mi. Ó lọ jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Àbúrò mi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Àǹtí mi, ṣé bíi ti Màmá ni?"

"Èèyàn méjì kì í ṣe ẹ̀rí."

"Tó bá wá di mẹ́ta ńkọ́?"

Mo ní kó panu mọ́. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ìyàwó òun.

Láti ìgbà náà n kò jẹ́ kó kúrò lójú mi níbi iṣẹ́. N kò jẹ́ kó gun àkàbà. Bó bá lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bí ọlọ́pàá, ó ń fi mí ṣẹ̀sín láti inú lọ́hùn-ún, ó ń súfèé kí n lè mọ̀ pé òun ṣì wà láàyè. Òun nìkan ni mo ní. Àwọn òbí wa ti lọ, èmi kò bímọ. Bó bá kú, n kò mọ ẹni tí n ó tún máa torí rẹ̀ jí.

Ìrọ̀lẹ́ àná, mo tẹ̀ lé e délé. Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ńlá kan ni ilé wọn wà, omi kì í ṣàn níbẹ̀. Àwọn aládùúgbò jókòó síta, wọ́n ń fọwọ́ gbá ẹsẹ̀ wọn pàá, pàá, wọ́n ń bú ẹ̀fọn. A kí wọn, a wọlé. Iná ti lọ. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, fèrèsé ṣí sílẹ̀. Mo dúró láàárín pálọ̀, mo tẹ́tí.

N kò gbọ́ nǹkan kan.

Ìyàwó àbúrò mi gbé ọmọ jáde láti inú yàrá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní òun ti fọ nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń bo bẹ́ẹ̀dì, òun ti ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pé láti bí ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀fọn ti kó kúrò nílé àwọn pátápátá. Ó na ẹsẹ̀ ọmọ sí mi kí n wò ó. Ó ń dán. Kò sí ibi kankan tó wú níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ṣé ẹ̀yin lẹ fún bàbá ẹ̀ ní oògùn ẹ̀fọn níbi iṣẹ́ ni?"

Àbúrò mi wolẹ̀.

"Èmi ni," mo ní.

"Ẹ ṣé gan-an. Ọmọ yìí ti ń sùn dáadáa báyìí."

Ó fẹ́ lọ bu omi fún mi. Mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kí n gbé e wo ìta díẹ̀. Àbúrò mi mọ ibi tí mò ń lọ. Kò dá mi dúró, ó bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè kọjá.

Mo gbé e lọ sétí gọ́tà. Ilẹ̀ ń ṣú. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí ni mo ti ń kìlọ̀ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n máa bo ọmọ wọn lásìkò yẹn gan-an. Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Mo ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orókún. Mo na ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè omi náà, mo sì ń bẹ̀ wọ́n. Mo ní ẹ wá, ẹyọ kan péré, ẹ jẹ ẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ náà rò pé eré ni, ó ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wá. Wọ́n pọ̀. Mo gbọ́ wọn káàkiri orí wa. Mo rí wọn nínú ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù, wọ́n sún mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà, wọ́n sì padà. Mo ká ọwọ́ ẹ̀wù mi, mo na apá tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n sún mọ́ apá mi. Wọ́n padà.

Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ wọn mọ́.

Ìyàwó àbúrò mi ti jáde sẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn wa, ó gbé ife omi dání.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé e wọlé o. Ẹ̀fọn á jẹ ẹ́ níbẹ̀ yẹn."

Mo ní a ń bọ̀.