Ìwé Ìrìnnà Inú Dúrọ́ọ̀ Ẹ̀gbọ́n

Ọwọ́ méjèèjì ni aránṣọ náà fi gbé ìwé ìrìnnà rẹ̀ fún ọkùnrin tí gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ó sì kúnlẹ̀ pẹ̀lú. Kò tíì pé wákàtí mẹ́ta tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Àpótí rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, òjò ìlú àjèjì kò sì tíì gbẹ lára bàtà rẹ̀.

"Jẹ́ kí n bá ọ tọ́jú rẹ̀," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ẹ máa pọ̀ nínú yàrá tí o ń lọ yẹn. Ẹni tí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ bá sọnù níbí, ayé rẹ̀ ló sọnù."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Ó ti fi ọdún méjìlélógún ránṣọ kí ó tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, nígbà tí àwọn oníbàárà ń ra aṣọ tí a ti rán sílẹ̀, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń jókòó lásán láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọkọ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá àga tí wọn yóò jókòó sí, òun ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ eré sísá. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì múra àtilọ ṣiṣẹ́ lókè òkun. Ó rán àpò kékeré kan sínú yẹrí rẹ̀, ó fi bọ́tìnnì méjì dè é. Inú àpò yẹn ni ìwé ìrìnnà wà títí tó fi kọjá lórí òkun.

Ní pálọ̀ Ẹ̀gbọ́n, ó kọjú sí ògiri, ó ṣí bọ́tìnnì méjèèjì, ó fa ìwé náà yọ, ó fi lé e lọ́wọ́. Ó tún dúpẹ́.

Bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn. A kì í bèèrè ohun tí àgbà bá ní òun ń bá wa tọ́jú. Ẹni tó bá bèèrè, bí ìgbà tó pe àgbà lólè ni.

Ẹ̀gbọ́n ni alábòójútó ilé ìfọṣọ kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí ọkọ̀ ńlá ti ń já aṣọ ibùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìwòsàn sílẹ̀ láràárọ̀. Ìdí ẹ̀rọ ìlọṣọ ni wọ́n fi aránṣọ sí. Obìnrin méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ẹnì kan di igun ọ̀tún aṣọ mú, ẹnì kejì di igun òsì, wọn a na án, wọn a fi í sẹ́nu òpó irin gbígbóná, ẹ̀rọ a gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹnì kejì rẹ̀ ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, nítorí pé kò sí ohun tí a bi í tí kì í fi "jẹ́jẹ́ ni" dáhùn.

"Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìwà aráyé," Jẹ́jẹ́ sọ fún un lọ́jọ́ kìíní, "kó wá fọ bẹ́díṣíìtì wọn."

Oṣù mélòó kan kọ́kọ́ dùn. Aránṣọ mọ nọ́ńbà bọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn níbẹ̀. Ó ya fọ́tò nínú kóòtù òtútù kan tó gbé e mì pátápátá, ó fi ránṣẹ́ sílé, ọkọ rẹ̀ sì bèèrè ẹni tó wà nínú kóòtù náà. Bí aṣọ bá ya, á rán an láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́, ojú rírán rẹ̀ kì í hàn.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá, ẹ̀rù dé. Ọdún kan péré ni ìwé ìyọ̀ǹda iṣẹ́ rẹ̀ wà fún. Kí ó tó lè sọ ọ́ dọ̀tun, òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú ìwé ìrìnnà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, kí ọjọ́ tó wà lára ìwé ìyọ̀ǹda náà tó pé. Ó sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́wọ́ òun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó tún rán an létí. Lọ́tẹ̀ yìí Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó bi í bóyá ẹnì kan sọ fún un pé òun máa ń sùn sẹ́nu iṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni Ẹ̀gbọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọlọ́pàá. Ó ní wọ́n ń dá ènìyàn dúró ní ìgboro. Ó ní ẹni tí ìwé kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí ó sọ tẹnu rẹ̀, òun nìkan ló sì lè bá wọn sọ̀rọ̀.

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn mọ́ ògiri. Bí ó bá rí aṣọ iṣẹ́ ìjọba nínú bọ́ọ̀sì, á bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ méjì ṣáájú tirẹ̀, á fẹsẹ̀ rin ìyókù. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin tí ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ni ó sá fún. Tíkẹ́ẹ̀tì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó bi Jẹ́jẹ́ léèrè. Jẹ́jẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, bẹ́ẹ̀ ariwo ẹ̀rọ ìbá ti gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó ní ọdún kejì òun rèé. Ó ní nígbà tí ìyá òun kú, òun bèèrè pásípọ́ọ̀tù òun kí òun lè lọ sin ín, Ẹ̀gbọ́n ní kí òun dúró kí iṣẹ́ fúyẹ́. Iṣẹ́ kò fúyẹ́. Ojú fóònù ni òun ti rí i tí wọ́n ń bu yẹ̀pẹ̀ sí ìyá òun lórí.

"Má bi í mọ́," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ẹni tó bi í kẹ́yìn, Ẹ̀gbọ́n ní òun á fẹjọ́ rẹ̀ sun ọlọ́pàá pé ó sá níṣẹ́. Jẹ́jẹ́ ni."

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, aránṣọ dúró nídìí ẹ̀rọ, ó ń ka iye ọjọ́ tó kù lọ́kàn. Igun aṣọ wọlé. Kò tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Irin gbígbóná bó ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ó kọ̀, kò lọ sí ilé ìwòsàn. Wọn yóò bèèrè ìwé níbẹ̀. Ó fi tówẹ́ẹ̀lì tútù di ọwọ́, ó gbé e mọ́ra bí ọmọ jòjòló, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ọwọ́ náà ń rùn. Jẹ́jẹ́ tí kì í yára fún ohunkóhun ló fà á lọ sínú bọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì tó tú ọwọ́ náà gbọ́ èdè wọn. Kò ju ẹni ọdún márùndínlógójì lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le bí ti ìyá ọkọ. Ó bèèrè ìdí tí wọ́n fi pẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bèèrè ìwé ìdánimọ̀ kí ó lè kọ orúkọ sílẹ̀. Aránṣọ fa ọwọ́ náà padà.

"Ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọmọ ìyá yín ni, mà?"

"Rárá."

"Ọmọ bàbá yín?"

"Rárá. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ni."

Nọ́ọ̀sì gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ó ní àgbà lè bá ènìyàn tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé, kò burú, ṣùgbọ́n pásípọ́ọ̀tù yàtọ̀. Ìjọba orílẹ̀-èdè ẹni ló ń fúnni, fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá lè wò ó, ó lè ya ẹ̀dà rẹ̀, kí ó sì dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni kí ọ̀gá dì í mú.

"Ṣé kì í ṣe èmi ni wọ́n máa mú?" ni aránṣọ bèèrè.

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó bèèrè iye ọjọ́ tó kù kí ìwé ìyọ̀ǹda tó parí. Aránṣọ ní mẹ́sàn-án.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mà. Lónìí, ìwé yín pé, òun ló ṣẹ̀. Bí ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn bá kọjá, ẹ̀yin náà ti di ẹni tí kò ní ìwé. Irọ́ tó fi ń dẹ́rù bà yín á wá di òótọ́. Ohun tó ń dúró dè nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì ní kí ó má lọ bá Ẹ̀gbọ́n jà, kí ó sì má dá lọ. Kí ó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i, kí ó dá ọjọ́ tó fẹ́ gba ìwé rẹ̀, kí ó sì tọ́jú èsì. Ó kọ àdírẹ́sì ọ́fíìsì kan fún un níbi tí àwọn agbẹjọ́rò ti ń gba àwọn òṣìṣẹ́ nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Àkọ́kọ́ kún fún ìkíni, kò sí ìbéèrè nínú rẹ̀. Nínú èkejì, ó ń tọrọ àforíjì ohun tí kò ṣe. Ẹ̀kẹta ló fi ránṣẹ́ lọ́jọ́bọ̀: "Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ gba pásípọ́ọ̀tù mi ní ọjọ́ Ajé, kí n lè fi tún ìwé iṣẹ́ mi ṣe. Ẹ ṣé, sà." Ó ti fóònù náà bọ abẹ́ òkìtì tówẹ́ẹ̀lì, bí ẹni pé yóò bù ú jẹ.

Èsì dé kí oúnjẹ ọ̀sán tó tán: "Ta ló ń kọ́ ẹ lọ́rọ̀? Ọ̀dọ̀ mi ló wà, ọ̀dọ̀ mi náà ló máa wà títí wàá fi lo ọdún méjì pé. Gbájú mọ́ṣẹ́ rẹ."

Aránṣọ rò pé ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́ tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó túmọ̀ èsì náà fún agbẹjọ́rò kan lọ́jọ́ Ẹtì, ní ọ́fíìsì tí nọ́ọ̀sì júwe, obìnrin náà ní kí ó tún un sọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ní, "Òun fúnra rẹ̀ ló ti jẹ́wọ́."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn mẹ́ta ló wọ ọ́fíìsì Ẹ̀gbọ́n: aránṣọ, agbẹjọ́rò, àti òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ń ṣàyẹ̀wò ibi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n fa àga fún wọn. Aránṣọ nìkan ló bá sọ̀rọ̀, ní èdè tí àwọn méjì yòókù kò gbọ́, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú.

"Àbúrò mi, èmi lo kó àlejò wá bá báyìí? Èmi tí mo gbà ọ́ sílé lọ́jọ́ tí o ò mọ ẹnikẹ́ni?"

Aránṣọ ti ń kúnlẹ̀ lọ nígbà tí ó fi ọwọ́ tó wà nínú báńdéèjì di etí tábìlì mú. Ìrora náà gba ara rẹ̀ kan bí iná, ó sì nà án ró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní pásípọ́ọ̀tù mi."

Ẹ̀gbọ́n wo òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó ṣí dúrọ́ọ̀. Ìwé ìrìnnà mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, rọ́bà ló fi dì wọ́n pọ̀, bí ìgbà tí a di ewé. Ti Jẹ́jẹ́ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó fa ti aránṣọ yọ, ó nà án sí i.

Ọwọ́ òsì ni aránṣọ fi gbà á, nítorí ọ̀tún wà nínú báńdéèjì. Kò tọrọ gáfárà.

Lọ́jọ́ kejì, ó dé ọ́fíìsì ìjọba nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì péré kí ìwé ìyọ̀ǹda rẹ̀ parí. Wọ́n gba ìwé rẹ̀ wọlé. Ẹjọ́ Ẹ̀gbọ́n ṣì wà níwájú àwọn aláṣẹ. Jẹ́jẹ́ ti gba pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀, ó ti lọ sílé, ó ti dúró lẹ́bàá sàréè ìyá rẹ̀. Aránṣọ kò sí ní ilé ìfọṣọ mọ́. Ó ń wá iṣẹ́ mìíràn, ẹ̀rù kò sì tíì kúrò lára rẹ̀ tán. Títí di òní, bí ó bá rí aṣọ iṣẹ́ ìjọba nínú bọ́ọ̀sì, àyà rẹ̀ a já. Ṣùgbọ́n kì í bọ́ sílẹ̀ mọ́. Á fọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀, á sì jókòó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ, pàápàá ẹ̀yin àgbàlagbà tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun níbi tí ẹ ò ti mọ ẹnikẹ́ni, ẹ má fi ìwé ìrìnnà yín sọ́wọ́ ọ̀gá, ẹni tó mú yín wọ̀lú, tàbí ẹni tí ẹ ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé tí orúkọ yín wà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán nílé. Ẹ kọ ọjọ́ tí ìwé ìyọ̀ǹda yín yóò parí síbi tí ẹ ó ti máa rí i lójoojúmọ́.

Bó bá ti bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ bèèrè rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ sì tọ́jú èsì. Ẹ tètè lọ bá àwọn tí ń gba òṣìṣẹ́ nímọ̀ràn, tàbí ọ́fíìsì aṣojú orílẹ̀-èdè yín, kí ọjọ́ tó lọ. Bí ara bá sì ń dùn yín, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ọgbẹ́ kì í dúró de ìwé.

Ẹ máa bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ẹ rán àpò náà sínú aṣọ yín, kí ẹ fi bọ́tìnnì dè é dáadáa, kí ẹ má sì jẹ́ kí ìtẹríba bá yín ṣí i.